Orúkọ Tí Ìyá Bọ́ì Sọ Ọ́

Ògúnlànà ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ní Ìsọlọ̀, lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n fi oyin kàn án lẹ́nu, wọ́n fi iyọ̀ kàn án lẹ́nu, wọ́n pe orúkọ náà sí i létí. Àwọn tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà kò pọ̀. Àwọn tó rántí rẹ̀ lẹ́yìn náà kò kún ọwọ́. Láti ojú irin Oṣòdì títí dé etí odò Òkè-Àfà, bí o bá béèrè Ògúnlànà, wọn á ní, "Èwo nìyẹn?" Bí o bá ní Bọ́ì Òyìnbó lò ń wá, ọmọ tó ń jẹ àgbàdo lọ́wọ́ á sọ ṣùkù nù, á mú ọ dé ẹnu ọ̀nà.

Bó ṣe di Bọ́ì rèé.

Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Bàbá náà kò pẹ́ tó fi tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àjàní, tó ń ṣe lébìrà lójú irin, ló gbà á tọ́. Ó rán an lọ sílé ìwé díẹ̀. Ìwé náà kò jìnnà. Kúùkù kan tó ń se oúnjẹ fún òyìnbó ní kúọ́tà tó wà lẹ́bàá pápá bàálù ní òun ń wá ọmọ tí yóò máa fọ àwo. Àjàní fà á lọ́wọ́ lọ. Òyìnbó wo ọmọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Kò béèrè orúkọ. Ó ní, "Bọ́ì." Ó tán.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé ìyàwó Àjàní wọlé. Àgbékẹ́ ni, ọmọ Okota. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, bó bá ti ṣáájú ìyàwó wọ agboolé, ọkọ ìyàwó ni. Ìyàwó ni yóò fẹnu ara rẹ̀ wá orúkọ tí yóò máa pè é, orúkọ ìkẹ́, orúkọ tí ẹlòmíì kò sọ. Àwọn àgbà obìnrin ilé to àwọn ọmọ síwájú Àgbékẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀. Ó pe ọ̀kan ní Eyínfúnjowó. Ó pe ọ̀kan ní Òpéléńgé. Bó ṣe ku Ògúnlànà nìyẹn, ó sì ti ibi iṣẹ́ ń bọ̀. Wọ́n ti wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù funfun tó gùn dé orúnkún, bọ́tìnnì rẹ̀ ń kọ mànà.

Ìyá àgbà kan ní, "Èyí ńkọ́, ìyàwó?"

Àgbékẹ́ wò ó. Ojú rẹ̀ là bí ojú ẹni tó rí òṣùpá.

"Èyí? Háà! Bọ́ì Òyìnbó ni tèmi!"

Ilé rọ́ fún ẹ̀rín. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà yẹn, ẹni tó bá dé ìdí tábìlì òyìnbó, bí ẹni dé ààfin ni. Kò sẹ́ni tó rò pé èébú wà nínú rẹ̀. Ògúnlànà fúnra rẹ̀ gbé àyà síwájú.

Àwọn orúkọ yòókù rọ. Eyínfúnjowó lọ sí Àgége, kò padà. Òpéléńgé sanra. Bọ́ì Òyìnbó nìkan ló dúró. Àgbékẹ́ sì mọ̀ ọ́n pè. Bó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ ọmọ náà lọ́nà Oṣòdì, á ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé:

"Bọ́ì Òyìnbó, ọkọ mi!
A-fọ-àwo-kó-dán-bí-ojú-ọ̀run,
A-jẹ-búrẹ́dì-má-gbàgbé-ẹ̀bà,
Máa bọ̀ o, ẹ̀bà ń dúró!"

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí ẹnìkan sì ń kí báyìí lójoojúmọ́, kí ló tún kù tó ń wá? Ó wá dàgbà lọ́wọ́ Àgbékẹ́. Bó bá ṣàìsàn, ẹ̀yìn Àgbékẹ́ ló ń gùn bó tilẹ̀ ti di géńdé ọmọ. Nígbà tó fẹ́ ṣèyàwó, Àgbékẹ́ ló lọ tọrọ Bánkẹ́ fún un.

Àgbékẹ́ fúnra rẹ̀ kò bí. Wọ́n ṣe é títí. Wọ́n lu gbogbo ilẹ̀kùn. Ọmọ kò wá. Obìnrin tí kò bí, orúkọ ni ìyà rẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ìyá ta ni wọn yóò pè é? Lọ́jọ́ kan, lẹ́nu kànga, obìnrin kan fi ṣàwàdà, ó ní, "Ìyá Bọ́ì, sún síbẹ̀ kí n fami." Àgbékẹ́ dúró pẹ̀lú okùn lọ́wọ́. Ó jẹ́ ẹ. Ó ní, "Ẹ̀ẹ́ẹ̀n!" bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Bọ́ì ni. Àwọn ẹlòmíì tó kó dé lẹ́yìn rò pé òun ló bí i.

Báyìí ni ayé wọn ṣe rí fún ọdún púpọ̀. Kò burú.

Òmìnira dé. Wọ́n ta àsíá aláwọ̀ ewé sí ibùdókọ̀ ojú irin. Wọ́n pín kọ́ọ̀pù fáwọn ọmọ ilé ìwé. Òyìnbó Ògúnlànà kó ẹrù rẹ̀. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó fún un ní agboòrùn tí igi rẹ̀ kan ti dá. Ó ní, "Gúdù-báì, bọ́ì." Ògúnlànà ti níyàwó. Ó ti bí Ọmọ́wálé. Ó ti sin ọkùnrin náà láti ìgbà tí kò tíì lè gbé páànù omi. Òyìnbó lọ láì mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dùn ún nígbà yẹn. Ó rò pé bí òyìnbó ti ń lọ yìí, ó ti di ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú àpótí mọ́ àwọn aṣọ rẹ̀.

Ẹni tó wọ ilé náà lẹ́yìn rẹ̀, ará wa ni. Ó kàwé délùú òyìnbó. Yorùbá tó gbámúṣé ló ń sọ. Ọmọ kan ló ní, Ọmọlará, nítorí náà Bàbá Ọmọlará ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é lẹ́yìn. Inú Ògúnlànà dùn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kàpẹ́ẹ̀tì.

"Ògúnlànà lorúkọ mi, sà."

"Ògúnlànà. O káre. Dìde."

Ó délé, ó sọ fún gbogbo wọn pé ọ̀gá òun tuntun pe òun lórúkọ. Bánkẹ́ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ìyàwó ọ̀gá fi ra agogo kékeré kan sórí tábìlì. Á mì í, á ní, "Bọ́ì!" Ọ̀gá gbọ́ ọ, òun náà mú un. Kò sẹ́ni tó pe Ògúnlànà mọ́.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Bánkẹ́ àti Àgbékẹ́ lọ sí Òkè-Àfà lọ ra ẹ̀fọ́, kò sẹ́ni tí yóò mójú tó ọmọ. Ògúnlànà gbé Ọmọ́wálé dání lọ síbi iṣẹ́, ó fi í jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ọmọlará wà lórí bàrándà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó na ọwọ́.

"Bọ́ì! Omi!"

Ògúnlànà sáré gbé e wá.

"Bọ́ì, kò tutù. Gbé òmíràn wá."

Ó tún sáré. Nígbà tó yíjú, ó rí i pé Ọmọ́wálé dìde dúró, ó ń wò ó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ń jẹun. Ọmọ́wálé na kọ́ọ̀pù òmìnira rẹ̀ sí bàbá rẹ̀.

"Bọ́ì, omi."

Bánkẹ́ gbá a lẹ́nu. Ọmọ figbe ta. Àgbékẹ́ ni ẹ̀rín pa ní tirẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọkọ mi kékeré o! Òun náà ti di ọ̀gá! Bọ́ì Òyìnbó, bu omi fọ́mọ jàre!"

Ògúnlànà bu omi. Bó ṣe gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu Àgbékẹ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó dà bí ẹni pé agogo ló dún.

Dírẹ́bà kan wà ní kúọ́tà náà, Táòfíkì. Ó ju Ògúnlànà lọ dáadáa. Ó jagun Bọ́mà. Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, Ògúnlànà bá a nídìí mọ́tò, ó ń fọ gíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Bọ́ì yìí, kí ló jẹ́ gan-an?"

Táòfíkì kò dá iṣẹ́ dúró. "Ọmọdékùnrin ni. Ṣé o ò mọ̀ ni?"

"Mo mọ ìyẹn. Kí ló dé tí wọ́n fi ń pe àgbàlagbà?"

Táòfíkì fún aṣọ omi náà, ó fi í kọ́ etí garawa. Ó ní, "Ní Íńdíà, nígbà ogun, a bá àwọn sójà kan pàdé láti Amẹ́ríkà. Dúdú ni wọ́n, bíi tèmi tìrẹ. Òyìnbó kan pe ọ̀kan nínú wọn ní bọ́ì. Ọkùnrin náà gbé abọ́ ọbẹ̀ gbígbóná, ó dà á sí i láyà. Wọ́n tì í mọ́lé. Mo bi ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo ní, nítorí bọ́ì náà? Ó ní, 'Bàbá bàbá wa hewú nínú oko ẹrú, bọ́ì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ kó má baà rò pé òun lè dàgbà láéláé.'"

Táòfíkì tún ki aṣọ bọ inú garawa.

"Bàbá tèmi náà ńkọ́? Ojú irin ló kú sí. Orí rẹ̀ funfun bí òwú. Bọ́ì."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Inú rẹ ń dùn," ni Táòfíkì wí. "Ta ni yóò gba ohun tó ń dùn mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò ní nǹkan tí yóò fi rọ́pò?"

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn. Lọ́jọ́ kejì, ó dúró níwájú Bàbá Ọmọlará. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ máa pè mí ní Ògúnlànà, sà."

Ọ̀gá gbé ojú sókè. "Ta ní ń bú ọ?"

"Kò sí, sà. Bọ́ì yẹn ni, sà. Mo ti lọ́mọ."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Ìyẹn ló burú níbẹ̀. Ó ní, "Orúkọ iṣẹ́ ni, ọ̀rẹ́ mi. Bí kúùkù. Bí dírẹ́bà. Ìgbà òyìnbó ni wọ́n ń fi bú ènìyàn. Òyìnbó ti lọ. Ọ̀rọ̀ lásán ló kù."

"Ẹ̀yin náà, sà, ẹ ò lè pe àbúrò bàbá yín bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀rín kú lójú ọ̀gá. Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà. "Ṣé o rí ìta yẹn? Bí bọ́ì kan bá gba ibẹ̀ jáde, àwọn tó ń dúró láti wọlé kò lóǹkà. Ó yá, mú tíì wá."

Ògúnlànà ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó mú tíì wá.

Ohun tí kò lè ṣe níbẹ̀, ó gbé e wálé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbogbo wọn wà níwájú ilé, àwọn ará àdúgbò kan sì wà níbẹ̀. Ó dìde. Ó ní láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pe òun ní Bọ́ì mọ́. Kò sí Bọ́ì Òyìnbó, kò sí Bọ́ì kankan. Ó rò fún wọn ohun tí Táòfíkì sọ, oko ẹrú àti gbogbo rẹ̀.

Ọkùnrin kan láàárín wọn ní, "Kí la ó wá máa pè ọ́? Ọ̀gá Bọ́ì?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àjàní gbọ́wọ́ sókè. Ó ní, "Bó bá dùn ọ́, a ó gbìyànjú." Lébìrà ni, ó mọ ohun tó ń dunni.

Àgbékẹ́ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ń bó ègúsí. Ó dá ọwọ́ dúró.

"Kí lèmi ó máa pè ọ́?"

"Ògúnlànà."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. "Èèwọ̀! Kí n pe ọmọ ọkọ lórúkọ? Ṣé o fẹ́ kí ẹnu mi wọ́ ni?"

"Ẹ wá òmíràn, Ìyá mi. Ẹnu yín kì í ṣaláìrí ọ̀rọ̀."

"N ó wá a." Ó wo ègúsí ọwọ́ rẹ̀ títí. "Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin ńkọ́ báwo?"

"Bí Bọ́ì bá lọ, ìyá ta ni mo kù?"

Ògúnlànà kò ronú débẹ̀. Kò ronú débẹ̀ rárá. Ó ní, "Wọn á máa pè yín ní Ìyá Ògúnlànà."

"Ìyá tó bí Ògúnlànà wà nínú ilẹ̀. N ò lè lọ jí orúkọ òkú gbé."

"Ìyá Ọmọ́wálé ńkọ́?"

"Bánkẹ́ nìyẹn." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó ègúsí. "Kò burú. Ẹ̀yin lẹ ni orúkọ yín. Ohun tẹ́ ẹ bá wí náà ni."

Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é ní ẹ̀yin láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n.

Ó sì wá orúkọ lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kí i ní Agùntáṣọlò, ẹni tó ga tó láti wọ aṣọ kó yẹ ẹ́. Ògúnlànà kúrú. Odindi agboolé ló mọ̀ pé ó kúrú. Ọkùnrin aláwàdà ọjọ́sí ní, "Agùntáṣọlò tí kò ga ju àmù lọ!" Ògúnlànà alára rẹ́rìn-ín, ó ní òun gbà á bẹ́ẹ̀. Ó sàn ju ìkínní lọ.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà kò wọ Àgbékẹ́ lẹ́nu. Ó ń pè é bí ẹni tó ń rìn nínú bàtà aláìbáamu. Kò ní àfikún. Kò sí "a-fọ-àwo", kò sí "a-jẹ-búrẹ́dì". Ó kan ń pè é, á dákẹ́. Lọ́jọ́ tí epo gbiná lórí àdògán, ó kígbe, "Bọ́ì Òyìnbó, gbà mí o!" Ògúnlànà sáré wọlé, ó fi iyanrìn pa iná. Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, ó ní:

"Ìyá mi, kí la jọ sọ?"

"Iná ló ń jó mi."

"Kí la jọ sọ?"

Obìnrin náà gbé ìgbálẹ̀, ó ń gbá iyanrìn.

Láti ìgbà yẹn ni Ògúnlànà ti ṣòfin. Bó bá pe òun ní Bọ́ì, òun kò ní jẹ́. Ó sì mú un ṣẹ. Àgbékẹ́ á gbàgbé, á pè é. Ògúnlànà á dúró bí òpó. Àgbékẹ́ á rántí, á ní, "Agùntáṣọlò." Nígbà náà ni yóò ní, "Mo ń bọ̀, mà." Bí ẹni ń kọ́ ẹyẹ lọ́rọ̀.

Ìsọlọ̀ náà gbọ́. Àwọn ènìyàn kì í ṣe ẹni burúkú. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ náà bá dun ọkùnrin náà, kí wọ́n fi í lẹ̀. Bọ́ì Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́nu wọn díẹ̀díẹ̀. Ìyá Bọ́ì sì kú mọ́ ọn. Lẹ́nu kànga, wọ́n á ya ẹnu, "Ìyá…", wọ́n á dúró, wọ́n á gbé e mì. Wọ́n á ní, "Ìyàwó, ẹ sún síbẹ̀." Obìnrin tí irun rẹ̀ ti ń di funfun, ó tún padà di ìyàwó, bí ọjọ́ tó wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ pọnmi lọ́sàn-án gangan, nígbà tí ẹnìkan kì í sí níbẹ̀.

Táòfíkì wá kí wọn lọ́jọ́ ọdún Iléyá, ó gbé ẹran wá. Ó rí bí Ògúnlànà ṣe kọ̀ láti jẹ́ ìpè. Nígbà tó ń sìn ín lọ sójú ọ̀nà, Táòfíkì ní:

"Àwọn tó ń fi bú wa ni mo bá ọ sọ. N kò bá ọ sọ ti ìyá rẹ."

"Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ẹ̀gbọ́n. Oko ẹrú kan náà ló ti jáde."

"Òótọ́ ni." Táòfíkì rìn síwájú díẹ̀. "Lọ́dọ̀ Bàbá Ọmọlará ńkọ́? Ṣé o kì í jẹ́ ìpè Bọ́ì níbẹ̀ náà?"

Ògúnlànà ń gbọn eruku ẹ̀wù rẹ̀.

"Mo kàn bi ọ́ ni," ni Táòfíkì wí.

Ó mọ̀. Kò sí bí kò ṣe mọ̀. Bí agogo bá dún níbẹ̀, á sáré. Ẹni tó ń fi í bú u, ó ń jẹ́ fún un. Ẹni tó ń fi í kẹ́ ẹ, kò jẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n ènìyàn ní láti ti ibìkan bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ló ń sọ fún ara rẹ̀. Bí òun kò bá lè lé e jáde nínú ilé ara òun, níbo lòun yóò ti lè lé e?

Ọyẹ́ ọdún náà le. Ó gbẹ ètè, ó gbẹ imú. Àgbékẹ́ ní ikọ́ fée láti kékeré, ọyẹ́ sì ni ọ̀tá rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀. Bánkẹ́ ń se ewé fún un, á fi aṣọ bò ó lórí kó lè fa ooru rẹ̀ símú. Àìsàn náà ń lọ, ó ń bọ̀. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó fòyà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sọ́ńdè, Ògúnlànà kò lọ síbi iṣẹ́. Àjàní wà lójú irin. Bánkẹ́ àti ọmọ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ògúnlànà tẹ́ aṣọ sórí pákó ní àgbàlá, ó fẹ́ iná sí áyọ́ọ̀nù eléèédú, ó ń lọ ẹ̀wù funfun tí yóò wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́la.

Láti inú yàrá, ó gbọ́:

"Bọ́ì Òyìnbó."

Kò wòkè. Ó gbé áyọ́ọ̀nù sókè, ó dúró.

"Bọ́ì Òyìnbó. Ọkọ mi."

Ó dúró. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀, á rántí. Á pe ìkejì. Ó fi áyọ́ọ̀nù lé apá ẹ̀wù náà, ó tẹ̀ ẹ́ lọ, ó tẹ̀ ẹ́ bọ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀.

"Bọ́ì."

Ìyẹn nìkan. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan mọ́. Ògúnlànà lọ kọ́là ọrùn ẹ̀wù náà. Ó lọ bọ́tìnnì yípo, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí òyìnbó ṣe kọ́ ọ. Ó tilẹ̀ rò pé ó ti sùn lọ. Ó gbé ẹ̀wù náà kọ́ sórí okùn. Nígbà náà ló wá bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó gbé e wọlé.

Àgbékẹ́ kò sí lórí ẹní. Ó wà nílẹ̀, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó ti fi àyà wọ́ débẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan nà síta. Ojú rẹ̀ sí ọ̀nà àgbàlá.

Omi dànù.

Ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ó ní, "Ìyá mi." Ó ní, "Ìyá mi, ẹ dá mi lóhùn." Lẹ́yìn náà, ó kígbe. Agboolé gbọ́ ọ. Àwọn tó wà lẹ́nu kànga gbọ́ ọ.

"Ìyá Bọ́ì! Ìyá Bọ́ì! Ìyá Bọ́ì o!"

Kò jẹ́.

Wọ́n sin ín lọ́jọ́ kejì. Àwọn ìyàwó ilé ló ń sunkún òkú, wọ́n ń pè é bí wọ́n ti ń pe òkú. Àgbà kan nínú wọn gbé e: "Ìyá…" Ó rí Ògúnlànà. Ó gbé e mì. Ó ní, "Àgbékẹ́, ìyàwó Àjàní, ó dàárọ̀ o." Ògúnlànà fẹ́ sọ fún wọn pé kí wọ́n pè é bó ti ń jẹ́. Ó ya ẹnu. Wọ́n ti gbé ṣọ́bìrì. Bí wọ́n ṣe fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó nìyẹn, láì jẹ́ ìyá ẹnìkan.

Nígbà tí àwọn ènìyàn tú ká, Àjàní jókòó tì í. Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún.

"Ìwọ lo wà nílé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bọ̀dá mi."

"Ṣé kò pe ẹnìkan ni?"

"Ó pè mí."

"O jẹ́?"

Ògúnlànà fi ìka ha ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò tún bi í. Ó dìde, ó wọlé. Bóyá bó bá jẹ́, ìyàtọ̀ kò ní sí. Ikọ́ fée kò dúró de ẹnìkan rí. Bóyá ewé tí Bánkẹ́ ń sè fún un, tó wà nísàlẹ̀ àpótí, ló fẹ́ kó bá òun gbé. Bóyá kò fẹ́ nǹkankan ju kí ẹnìkan wà lẹ́bàá òun lọ. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un.

Láti ìgbà náà, Àjàní ń pè é ní Ògúnlànà. Ó ń pè é pé pérépéré, bí ẹni tó dúró níwájú adájọ́. Gbogbo Ìsọlọ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó fẹ́ ló rí gbà. Kò sẹ́ni tó kí i mọ́ láti ẹ̀yìn ilé bó bá ń bọ̀ láti Oṣòdì. Nígbà mìíràn, bó bá dé ibi tí ohùn náà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, ó máa ń dín ẹsẹ̀ kù. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti pe ara rẹ̀, jẹ́jẹ́, lójú ọ̀nà: "Bọ́ì Òyìnbó, ọkọ mi." Kò dún bó ti yẹ. Orúkọ tí ènìyàn fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀, ta ni yóò jẹ́ ẹ?

Ó padà síbi iṣẹ́. Ọyẹ́ kò tíì lọ. Ìyàwó ọ̀gá náà ní òtútù, ohùn rẹ̀ ti há. Ògúnlànà wà ní kíṣìnnì, ó ń nu àwo. Láti inú yàrá, ohùn obìnrin kan tó ti rẹ̀ ní:

"Bọ́ì."

Àwo já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré. Ó forí gbá ilẹ̀kùn, ó bẹ́ sínú yàrá pẹ̀lú apá méjèèjì nínà, bí ẹni tó tún lè bá a.

Màdáàmù wò ó láti orí bẹ́ẹ̀dì. "Kí lò ń sáré fún? Kí ló fọ́ níbẹ̀ yẹn?"

Ó sọ apá rẹ̀ kalẹ̀.

"Omi gbígbóná ni mo fẹ́ kí o gbé wá, bọ́ì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni Ògúnlànà wí. Ó lọ gbé e wá.